Bọ́lẹ̀kájà àti Ayọ́kẹ́lẹ́

Kí ẹnikẹ́ni tó jókòó láti kọ lámèyítọ́ lórí ọkọ̀ ìrìnnà nílẹ̀ Yorùbá, àwọn èrò inú ọkọ̀ ti ṣe lámèyítọ́ tiwọn, orúkọ ni wọ́n sì fi gbé ìdájọ́ wọn kalẹ̀. Wọ́n wo ọkọ̀ akérò onípákó, wọ́n pè é ní bọ́lẹ̀kájà. Wọ́n wo ọkọ̀ kékeré tí ń rọra kọjá lórí ọ̀dà, wọ́n pè é ní ayọ́kẹ́lẹ́. Gbólóhùn ìjà ni orúkọ àkọ́kọ́: bọ́ sílẹ̀ kí á jà. Àpèjúwe ìrìn ni èkejì: ohun tí ń yọ́ lọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹni tó sọ ti àkọ́kọ́ lórúkọ wà nínú ọkọ̀ náà, orúnkún ẹlòmíràn ń gún un ní orúnkún. Ẹni tó sọ èkejì lórúkọ dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó ń wo ẹni tí ń kọjá lọ. Inú ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ méjì ni mo fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n: lọ́rì Bedford tí a kan pákó sí lẹ́yìn, àti Peugeot 504, pàápàá jù lọ èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, tí ó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta. Àwọn méjèèjì ni wọ́n kó wa, àwa ará Òkun, lọ, tí wọ́n sì kó wa bọ̀, láti ayé àwọn bàbá wa títí di ìgbà tí àwa náà di bàbá. Méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lójú ọ̀nà Kabba báyìí. Ohun tó bá ń kúrò nílẹ̀ ni ó yẹ kí á tètè ṣe ìdájọ́ rẹ̀, kí ìfẹ́ ohun àtijọ́ tó sọ ọ́ di ohun tí kò jẹ́ rí.

Àwọn ará Amẹ́ríkà kò fi irú ìwọ̀n báyìí ṣeré. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ti ń fi Ford wé Chevrolet, àríyànjiyàn náà sì ti di ogún tí bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ní 1908 ni Henry Ford gbé ọkọ̀ Model T jáde. Nígbà tí ó fi máa dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1927, ó ti ṣe tó mílíọ̀nù 15. Ìgbàgbọ́ Ford ni pé ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ó lágbára, tí ó rọrùn láti tún ṣe, tí owó rẹ̀ sì ń wálẹ̀, tó fún gbogbo ènìyàn. Alfred Sloan, olórí General Motors tí ó ni Chevrolet, rò ó lọ́nà mìíràn. Ó ní kí ọkọ̀ máa pa aṣọ dà lọ́dọọdún, kí ipò kọ̀ọ̀kan láwùjọ ní ọkọ̀ tirẹ̀, kí ẹni tó ra ti èṣí máa fi ojúkòkòrò wo ti ọdún yìí. Nítorí náà, bí ará Amẹ́ríkà bá ń fi ọkọ̀ àtijọ́ méjì wéra, ọ̀nà méjì tí ènìyàn lè gbà gbé ilé ayé ni ó ń fi wéra, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ti rò lọ. Bedford tí a ń pè ní ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà ni ìdílé rẹ̀. General Motors ra iléeṣẹ́ Vauxhall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1925. Lọ́rì Chevrolet ni wọ́n kọ́kọ́ ń tò pọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe tiwọn ní Bedford ní 1931. Ilé Sloan, ilé àwọn tí ń pa aṣọ dà lọ́dọọdún, ni ó ti jáde wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, ìwà Model T ni ó hù. Ó dúró lójú kan, ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní ọdún dé ọdún. Aṣọ tí ó sì wọ̀, àwa ni a rán an fún un.

Kí òǹkàwé tí kò mọ ilẹ̀ wa lè lóye ohun tí ọkọ̀ jẹ́ fún wa, kí ó wo àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọ̀nà rélùwéè tó ti Èkó lọ sí Kánò gba Ọ̀fà, Ìlọrin àti Jẹ́bà kọjá. Kò yà sọ́dọ̀ wa. Odò Ọya ń ṣàn kọjá ní Lokoja, ṣùgbọ́n òkè àti igbó pọ̀ láàárín òun àti ọ̀pọ̀ ìlú wa. Ọ̀nà mọ́tò nìkan ni ó kù. Kabba sì ni oríta: ọ̀nà kan lọ sí Lokoja, òmíràn lọ sí Okene, òmíràn gba Iyara àti Iyamoye wọ Òmùò ní ilẹ̀ Èkìtì, òmíràn gba Mopa àti Isanlu dé Egbe, ó sì kọjá sí apá Ìlọrin. Kọfí, kòkó, iṣu, ọmọ ilé-ìwé, olùkọ́ tí ìjọba gbé kúrò ní ìlú kan sí òmíràn, aláìsàn, òkú tí wọ́n ń gbé bọ̀ wálé láti Èkó: orí àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ni gbogbo wọn gbà. Ìlú tí kò ní rélùwéè, tí kò sì ní èbúté, irú ọkọ̀ tó bá ń wọ̀ ni yóò fi mọ bí ayé ṣe rí.

Ohun tí ó yẹ kí lámèyítọ́ kọ́kọ́ sọ nípa Bedford ni pé ìdajì rẹ̀ ni a rà. Iléeṣẹ́ UAC tò ó pọ̀ ní Àpápá, ṣùgbọ́n ohun tí oníbàárà máa ń gbé kúrò níbẹ̀ ni orí, ẹ́ńjìnnì, férémù irin gígùn àti táyà. Kò ní ẹ̀yìn. Onímọ́tò á wà á báyẹn lọ bá káfíńtà, káfíńtà á sì fi pákó líle kan ilé lé e. Káfíńtà yìí ni ó ń pinnu bí òrùlé yóò ṣe ga tó, ibi tí bẹ́ǹṣì yóò wà, ibi tí afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé, àti bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yóò ṣe lágbára tó lábẹ́ àpò kòkó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tí ń kun ọ̀dà dé. Ó fi pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ òféfèé kùn ún, ó sì kọ orúkọ sí i níwájú orí. Nítorí èyí, kò sí Bedford méjì tó jọra lójú ọ̀nà wa. Ẹni tó bá ní ojú inú lè wo ẹ̀yìn lọ́rì kí ó sọ ìlú tí wọ́n ti kàn án, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wo aṣọ òkè kí á mọ ibi tí wọ́n ti hun ún.

Inú ọkọ̀ náà ni kí á wá wọ̀. Nínú bọ́lẹ̀kájà tí ó pé, bẹ́ǹṣì gígùn wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì, àwọn èrò sì kọjú síra wọn. Ẹrù wà láàárín wọn, ewúrẹ́ wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Mo kéré nígbà tí mo bá ìyá mi àgbà wọ irú rẹ̀ láti Iyara lọ sí ọjà Kabba. Ẹnikẹ́ni tó bá gun àtẹ̀gùn wọlé ní láti kí ará ilé. A ní, “Òkun o!” Gbogbo ọkọ̀ á sì dáhùn pé, “Òkun!” Ìkíni yìí ni àwọn ẹlòmíràn gbọ́ lẹ́nu wa tí wọ́n fi ń pè wá ní ará Òkun. Obìnrin ará Búnú kan jókòó síwájú wa. Ó wo ojú mi títí, ó wá bi ìyá mi àgbà léèrè pé, “Ìyá, ọmọ taa ni èyí?” Kí á tó dé Kabba, wọ́n ti rí i pé ìyàwó àbúrò obìnrin náà ti agbo ilé wa wá. Bí bẹ́ǹṣì bá kọjú sí iwájú ọkọ̀ ni, obìnrin yẹn ì bá má rí ojú mi.

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí pé ó ní ohun tí ó fi yé mi nípa wa. Ọ̀wẹ́, Ìjùmú, Búnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀ kì í ṣe ìlú kan, a kò sì ní ọba kan ṣoṣo tí ó jọba lé gbogbo wa lórí. Ẹ̀ka èdè wa sún mọ́ra, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ìtàn ogun Núpé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún tú ọ̀pọ̀ ìletò wa ká sórí òkè. Ìṣàkóso ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó wa sínú ìwé kan náà, òótọ́ ni. Ilé-ìwé àti ìjọ Ọlọ́run náà sì ṣiṣẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ìwé ìjọba kò lè kọ́ ẹni méjì láti máa wojú ara wọn. Èrò tèmi ni pé bẹ́ǹṣì bọ́lẹ̀kájà wà lára ibi tí orúkọ náà, Òkun, ti kúrò ní ìkíni tí ó di orúkọ àwọn ènìyàn kan. Ibẹ̀ ni ará Yàgbà ti gbọ́ bí ará Búnú ṣe ń sọ ohun tí òun náà ń sọ, tí ó sì rẹ́rìn-ín, tí ó sì yé e.

Ẹ jẹ́ kí á tún wo ọ̀rọ̀ ara ọkọ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pe gbogbo ohun tí a bá kọ sára lọ́rì ní ewì. N kò bá wọn dé ibẹ̀. “Ìwà Lẹwà”, “Sùúrù Lérè”, “Ayé Ń Lọ”: òwe àti àṣàyàn ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ti mọ̀ ni wọ́n, ẹni tí ń kun ọ̀dà kò sì fi ohun kan kún wọn. Ohun tí ó jọ mí lójú ni iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe lẹ́yìn tí ọ̀dà bá ti gbẹ. Ó di orúkọ ọkọ̀, ó sì di orúkọ awakọ̀. Ènìyàn á dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà pé, “Ṣé Ìwà Lẹwà ti kọjá?” Bí Sùúrù Lérè bá sì rì sínú ẹrọ̀fọ̀ fún ọjọ́ méjì nígbà òjò, tí iṣu ń jẹrà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èrò á ka ọ̀rọ̀ iwájú orí rẹ̀ ní àkàtúnkà, wọn á sì dá sí i: wọn á gbà á gbọ́ tàbí kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a kọ síta fún gbogbo ayé, tí ojoojúmọ́ ń dán wò bóyá òótọ́ ni, kò pọ̀ nínú ìwé tí a ń tẹ̀ lónìí.

Ẹ̀wẹ̀, kí á má ṣe pa irọ́ mọ́ òkú. Bọ́lẹ̀kájà ń ni èrò lára. Pákó ń ya aṣọ, eruku ń wọ imú, òjò ń gba abẹ́ tàpólì wọlé. Aboyún tí ó bá gùn ún láti Iyamoye wá sí ilé ìwòsàn ń fi ẹ̀mí wéwu. Àwọn tó ń sọ pé gbogbo ènìyàn ló dọ́gba nínú rẹ̀ kò rántí pé ìjókòó iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ní owó tirẹ̀, olùkọ́ àgbà àti akọ̀wé kóòtù ni ó sì máa ń jókòó síbẹ̀. Mo fura pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ orin ìyìn fún bọ́lẹ̀kájà lónìí, ọmọ ẹni tó jókòó níwájú ni wọ́n. Bí ọkọ̀ náà bá sì dà nù ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ilé onípákó tí a yìn lẹ́ẹ̀kan yẹn a máa fọ́ yángá, èrò àti ẹrù á sì jọ dà sí ibi kan.

Irú ìnira báyìí ni Peugeot 504 wá bá. Ní 1968 ni ó jáde ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn oníròyìn ọkọ̀ ní Yúróòpù sì fi í ṣe ọkọ̀ ọdún fún 1969. Iléeṣẹ́ Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì ni ó ya ara rẹ̀. Iná iwájú rẹ̀ ṣẹ́ sókè díẹ̀ ní igun bí ojú ẹni tí ó ń ronú, ìlà ara rẹ̀ sì mọ́, kò ní ọ̀ṣọ́ àṣejù bíi ti àwọn ọkọ̀ gígùn Amẹ́ríkà tí àwọn olóṣèlú ayé ìgbà òmìnira ń gùn, Pontiac àti Chevrolet oníyẹ̀ẹ́ lẹ́yìn. Ìdílé rẹ̀ ti gba orúkọ nílẹ̀ Áfíríkà kí ó tó dé: Peugeot 404 ni ó borí nínú ìdíje East African Safari ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. 504 fúnra rẹ̀ gbà á ní 1975 àti 1978. Ọ̀nà eléruku, ọ̀nà ẹlẹ́rọ̀fọ̀, ọ̀nà olókùúta ni ìdíje náà ń gbà. Ọ̀nà tiwa náà nìyẹn.

Ní 1975 ni iléeṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀. Owó epo wà nílẹ̀, owó Udoji sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́. Nígbà tí ìjọba ológun Murtala àti Ọbásanjọ́ ń wàásù ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, 504 ni ó di ọkọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba. Bí ó ṣe di ohun kan tí ọ̀gágun, ọ̀jọ̀gbọ́n, oníṣòwò àti awakọ̀ gáréèjì jọ ń wà nìyẹn. Ẹ rántí ohun tí Sloan sọ pé kí ipò kọ̀ọ̀kan ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ní Nàìjíríà àwọn ọdún 1970 àti 1980, ọkọ̀ Faransé kan ṣoṣo ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ipò mọ́ra. Ohun tí ó ń ya olówó sọ́tọ̀ ni ẹ̀rọ amúlétutù àti aṣọ ìjókòó.

Ìyàtọ̀ ìrìn àwọn méjèèjì wà nínú sípíríǹgì wọn. Irin pẹlẹbẹ tí a tò lé ara wọn ni ti Bedford. Bí ẹrù kò bá sí lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ta ènìyàn sókè bí ẹṣin tí kò gba ìjánu. Bí ẹrù bá kún un, ó rọlẹ̀, ó sì ń rìn bí àgbà. Irin lílọ́ ni ti 504, lẹ́yìn àti níwájú. Ó ń gba kòtò mọ́ra, ara èrò kì í sì í mọ ìdajì ohun tí táyà rí. Ẹrù ni wọ́n fi lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe ọkọ̀ kìíní, ènìyàn tẹ̀lé e wọnú rẹ̀. Eegun ẹ̀yìn ènìyàn ni wọ́n fi lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe èkejì. Ẹni tó bá ti gbé ìyá arúgbó láti Egbe lọ sí Ìlọrin yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, kò sì sí ọgbọ́n ìwé kankan tí ó lè sọ ọ́ di kékeré.

Ó tún ní ìdọ́gba kan tí bọ́lẹ̀kájà kò ní. Ní gáréèjì, iye kan náà ni èrò méje tàbí mẹ́jọ ń san. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni ó ń mú iwájú. Ẹni tó bá pẹ́ dé á tẹ orí ba wọ ìlà kẹta, á ká orúnkún rẹ̀ mọ́ àyà. Mo ti rí adájọ́ ní ìlà kẹta, mo sì ti rí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ níwájú. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọjú síbì kan. Ìpàkọ́ ni ẹnì kan ń wò, kì í ṣe ojú. Wọ́n á kí ara wọn ní gáréèjì, ọkọ̀ á gbéra, rédíò awakọ̀ á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Àti Kabba dé Ìlọrin, wákàtí bíi mélòó kan, èrò méjì lè jókòó ara fi ara kanra, kí wọ́n bọ́ sílẹ̀ láì mọ orúkọ ara wọn. Ìtura ara ni a rí gbà. Ohun tí a sì fi rà á nìyẹn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí Ìlọrin jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1967, nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tí ó padà di Kwara sílẹ̀, títí di oṣù kẹjọ 1991 tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀, Ìlọrin ni olú ìlú wa. Àwọn tí ń lọ wá ìwé ìgbanisíṣẹ́, tí ń lọ bẹ̀bẹ̀ fún omi ẹ̀rọ àti ilé-ìwé girama, àwọn olórí tí ń lọ gba ẹ̀tọ́ ìlú wọn, 504 ni wọ́n ń wọ̀ ní ìdájí. Bọ́lẹ̀kájà ni ọkọ̀ tí a fi ń lọ bá ara wa. 504 ni ọkọ̀ tí a fi ń lọ bá ìjọba. Nígbà tí Lokoja di olú ìlú, ọ̀nà náà yí padà, ìwà ìrìnàjò náà kò yí padà: a ṣì ń wo iwájú, a ṣì ń wo ìpàkọ́ ẹlòmíràn lọ sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì.

Ẹnìkan lè sọ pé mo ti dájọ́ fún Bedford nítorí pé àwa ni a kan ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe tò 504 parí ní Kàdúná ni ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdájọ́ mi kò tíì dé. Ohun kan wà tí àwọn tí ń yin iṣẹ́ ọwọ́ máa ń gbàgbé: ìtọ́jú náà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. 504 sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ di mẹkáníìkì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò díjú. Ẹni tó bá ní sípánà díẹ̀, tí ó sì ní etí, lè dá a wò kí ó sì mọ ohun tó ń ṣe é. Mo ti rí mẹkáníìkì tí ó gbé etí rẹ̀ lé igi, tí ó gbé igi náà lé ẹ́ńjìnnì, tí ó sì sọ ibi tí ó ti jẹ kí ó tó tú nọ́ọ̀tì kan. Lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń tú jíà rẹ̀ palẹ̀, wọ́n ń tò ó padà. Ọkọ̀ tí ilẹ̀ Faransé ti dẹ́kun àti máa ṣe oríṣi onílé rẹ̀ láti 1983, tiwa ṣì ń rìn ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ọwọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ló sì ń mú un rìn. Nínú Bedford, àwa ni a parí ohun tí òyìnbó bẹ̀rẹ̀. Nínú 504, àwa ni a kò jẹ́ kí ohun tí òyìnbó parí ó kú. Ọ̀nà méjì ni ènìyàn fi lè sọ ohun àjèjì di tirẹ̀, n kò sì rí ìdí tí a fi ní láti kó ọ̀kan dànù.

Àwọn lámèyítọ́ ìwé ti lo bọ́lẹ̀kájà rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Chinweizu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Onwuchekwa Jemie àti Ihechukwu Madubuike, pe ara wọn ní lámèyítọ́ bọ́lẹ̀kájà nínú ìwé tí wọ́n fi pe àwọn òǹkọ̀wé kan, Wọlé Ṣóyínká pẹ̀lú, níjà. Orúkọ náà dára létí, ṣùgbọ́n ohùn agbèrò ni wọ́n yàn, ohùn ẹni tó dúró sí ìta tí ń fà èrò mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣóyínká ní tirẹ̀ ti kọ eré The Road ní 1965, níbi tí lọ́rì, ikú àti Ògún ti jọ ń gbé. Nígbà tí wọ́n dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1988, òun ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Èmi bọ̀wọ̀ fún òǹkọ̀wé tí ó kọ̀wé nípa òkú ojú ọ̀nà tí ó sì tún lọ dúró sójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìhà ti èrò ni èmi wà, ẹni tó sanwó, tó jókòó, tó sì fẹ́ dé ilé.

Láti ìhà ti èrò, ọ̀rọ̀ ikú kò ṣeé fò dá. Bọ́lẹ̀kájà ń pa ènìyàn nítorí àpọ̀jù ẹrù àti búrékì tí kò dára. 504 ń pa ènìyàn nítorí pé ó yá, ó sì ń jẹ́ kí awakọ̀ gbàgbé pé òun ń sáré. Ìtura tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan ni ó ń mú ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀: bí ara èrò kò ti mọ kòtò, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ awakọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Nínú bọ́lẹ̀kájà, bí awakọ̀ bá sá eré àsápajúdé, gbogbo bẹ́ǹṣì á pariwo, wọn á lu pákó. Nínú 504, ẹnì kan á sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láti ìlà kẹta, kò sì ní gbọ́. Bí a bá mọ̀ pé ènìyàn tó kọjú síra wọn máa ń ní ìgboyà láti jọ sọ̀rọ̀, a ó rí i pé ètò ìjókòó lè gba ẹ̀mí là, tàbí kí ó má gbà á.

Ìdájọ́ mi nìyí o. Gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tí ó yẹ kí á fi gbé ara ènìyàn, 504 ju Bedford lọ, kò sì sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ibi tí ènìyàn ti jọ ń gbé fún wákàtí díẹ̀, Bedford jù ú lọ. Àṣìṣe ìran wa ni pé a rò pé a kò lè gba ìtura láìjẹ́ pé a pàdánù ojú ara wa. Kò sí òfin irin kankan tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Káfíńtà tó kan bọ́lẹ̀kájà mọ̀ pé òun lè gbé bẹ́ǹṣì síbi tó wu òun. Àwa tí a gba ọkọ̀ tí wọ́n ti tò tán kò tilẹ̀ rò ó mọ́ pé ẹnìkan ló pinnu ibi tí ìjókòó yóò kọjú sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn. General Motors ta iṣẹ́ lọ́rì Bedford ní 1987, ẹni tó rà á sì wọ gbèsè ní 1992. Kàdúná tò 504 pọ̀ títí wọ ọ̀rúndún yìí kí ó tó dákẹ́. Lónìí, ọ̀nà kọnkéré tó gùn ju ogójì kìlómítà lọ ti so Obajana mọ́ Kabba, Toyota Sienna sì ni púpọ̀ nínú ohun tí ń sáré lórí rẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, ní Kentucky àti Indiana, kí wọ́n tó gba orí omi dé gẹ́gẹ́ bí tókúnbọ̀. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà tún padà wá bá wa. A kò parí ohun kankan lára rẹ̀ bí a ti parí Bedford. Bí ó bá sì dákẹ́ lójú ọ̀nà, mẹkáníìkì abẹ́ igi máńgòrò kò lè fi igi àti etí gbọ́ ohùn kọ̀ǹpútà inú rẹ̀. Ó ní láti wá ẹ̀rọ tí yóò bá a ka á, ẹ̀rọ náà kò sì wọ́pọ̀ ní gbogbo ìlú wa.

N kò sọ pé kí á padà sí bẹ́ǹṣì onípákó. Ohun tí mo ń sọ ni pé iléeṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ pọ̀ ṣì wà ní orílẹ̀-èdè yìí, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ṣì ń fi owó gbogbo wa ra bọ́ọ̀sì, kò sì sí ẹni tó ń bi èrò léèrè bí ó ṣe fẹ́ jókòó. Kí wọ́n bi wá. Kí wọ́n bi mẹkáníìkì bóyá yóò lè tún un ṣe. Kí wọ́n bi káfíńtà, tàbí ajórin tí ó rọ́pò rẹ̀, apá wo ni yóò kù fún un láti ṣe. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n wá kọ orúkọ tó bá wù wọ́n síwájú orí ọkọ̀ náà. Àwa èrò yóò sọ ọ́ lórúkọ tiwa.